Rélùwéè Ọ̀fà, Ìlọrin àti Jẹ́bà: àwọn ìbéèrè tí ẹ máa ń bi mí

Agogo ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo lọ kì í ṣe agogo. Ègé irin rélùwéè kan ni, ó gùn tó apá àgbàlagbà, wọ́n fi wáyà so ó kọ́ ẹ̀ka igi máńgòrò. Bí olùkọ́ bá ti fi irin kékeré kan lù ú láàárọ̀, ọmọ tó bá ṣì wà lójú ọ̀nà mọ̀ pé ẹgba ti ń dúró de òun. Ọdún mẹ́fà gbáko ni mo fi gbọ́ ohùn irin yẹn kí n tó béèrè ibi tí wọ́n ti gé e. Ìgbà tí mo béèrè ni ọ̀rọ̀ rélùwéè wọ̀ mí lára, ẹ̀yin tí ẹ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí n sinmi. Mo ti kó àwọn ìbéèrè yín jọ síbí. Ẹ má retí kí àwọn ìdáhùn gùn bákan náà. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá pọ̀ sí ni mo máa jókòó tì.

Ọdún wo gan-an ni rélùwéè dé ọ̀dọ̀ wa?

Ọdún 1908 ló wọ Ìlọrin, ó sì ti gba Ọ̀fà kọjá kó tó débẹ̀. Èkó ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1896. Ó gba Abẹ́òkúta, ó dé Ìbàdàn, wọ́n sì ṣí ti Ìbàdàn ní oṣù kẹta ọdún 1901. Ó sinmi níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lọ́dún 1907 ó dé Òṣogbo, ó gba Ìkìrun àti Òkukù bọ́ sí Ọ̀fà, ó dé Ìlọrin, nígbà tó sì di 1909 ó ti wà létí Odò Ọya ní Jẹ́bà. Ìjọba apá Àríwá náà ń gbé tiwọn bọ̀ láti Báró lọ sí Kánò lásìkò kan náà. Kánò rí ọkọ̀ ojú irin lọ́dún 1911, ọ̀nà méjèèjì pàdé ní Mínná, wọ́n sì so ilé iṣẹ́ méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan lọ́dún 1912.

Àwọn àgbà Ìlọrin ní òkúta tí àwọn èèyàn fi ń lọ irin ni ìlú náà fi gba orúkọ. Ìlú ìlọ-irin ni irin wá bá nílé. Mi ò ní ọ̀kan ló bí èkejì o, bó ṣe dún létí ni mo fẹ́ràn.

Bàbá mi ní ìdàgbàsókè wa ni àwọn òyìnbó rò tí wọ́n fi ṣe é. Ṣé òótọ́ ni?

Ẹ bá mi kí Bàbá. Àmọ́ kì í ṣe tiwa ni wọ́n rò.

Òwú ni wọ́n ń wá. Àwọn ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ òwú láti Àríwá, wọ́n sì fẹ́ ibi tí wọ́n máa ta aṣọ tí wọ́n bá hun sí. Ìjọba fẹ́ ọ̀nà tí ọmọ ogun yóò máa gbà kíákíá. Ẹ rántí pé ọdún 1897 ni ọmọ ogun Royal Niger Company, ilé iṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, wá ja Ìlọrin; ọdún mọ́kànlá péré ló wà láàárín ìbọn yẹn àti fèrè ọkọ̀ ojú irin. Nígbà tí ọ̀nà ṣí tán, ẹ̀pà ni àgbẹ̀ Kánò gbìn, kì í ṣe òwú tí wọ́n ń retí, ẹ̀pà ọ̀hún ló sì kún inú wágùn.

Ohun tí mo máa ń sọ ni pé wọn ò ṣe é fún wa, ṣùgbọ́n a gbà á lọ́wọ́ wọn lọ́nà tiwa. Kò sí òyìnbó tó la ojú irin nítorí iṣu Ọ̀fà tàbí nítorí obì. Síbẹ̀ iṣu wọ ọkọ̀ lọ sí Èkó, gbàǹja láti ìhà Agége sì gba iwájú ilé wa kọjá lọ sí Kánò, àpò lórí àpò, wọ́n fi ewé bò ó kó má baà gbẹ. Màlúù gba ojú ọ̀nà kan náà bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá rélùwéè ti jíǹde, kó má wo ìjókòó olówó ńlá. Kó wo bóyá àpò iṣu ń wọ̀ ọ́.

Kí ló dé tí ojú irin fi ń wọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí ejò, nígbà tí títì lọ tààrà? Ará Òmù-Àrán ni mí, kò tiẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa rárá.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù nìyí.

Táyà mọ́tò jẹ́ rọ́bà, ó ń di ọ̀dà mú. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin jẹ́ irin, orí irin ló sì ń yí. Irin lórí irin ń yọ̀. Yíyọ̀ yẹn ló jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì kan lè fa ẹrù tí ogún ọkọ̀ akẹ́rù kò lè kó lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Àǹfààní yẹn kan náà ló ń di wàhálà tí ilẹ̀ bá gbéra. Bí ilẹ̀ bá fi mítà kan ṣoṣo ga sókè láàárín 100 mítà, èyí tí ẹlẹ́sẹ̀ lè má fura sí rárá, agbára tí ẹ́ńjìnnì máa fi fa ẹrù kan náà lè di ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Tí ojò bá tún rọ̀, ẹsẹ̀ irin á máa yí lójú kan. Ìdí rèé tí ẹ́ńjìnnì fi máa ń gbé yanrìn: dírẹ́bà á tú u sójú irin níwájú ẹsẹ̀ ọkọ̀ kó lè rí nǹkan tẹ̀ mọ́.

Nítorí náà ẹni tó wọn ilẹ̀ nígbà náà kò wá ọ̀nà tó yá, ọ̀nà tó tẹ́jú ló wá. Tó bá rí òkè, ó yà fún un. Tó bá rí àfonífojì, ó tẹ̀lé etí rẹ̀. Èyí náà wà lára ìdí tí wọ́n fi yan irin tóóró, 1,067 mílímítà láàárín irin méjèèjì: ó ń rọrùn láti yí kọ́nà, owó rẹ̀ kò sì pọ̀ púpọ̀. Ẹ́ńjìnnì kì í bá òkè ja ìjàkadì. Ọ̀fà ló ni ìjàkadì.

Ní ti Òmù-Àrán àti Orò, Jẹ́bà ni wọ́n ń fojú sùn, ibi tí erékùṣù ti jẹ́ kó rọrùn láti sọdá Odò Ọya. Kí wọ́n tó wá yà wọ àárín àwọn òkè Ìgbómìnà, wọ́n máa ná owó tí kò sí lápò wọn. Ẹ má bínú. Ògbómọ̀ṣọ́ náà, bó ti tóbi tó, kò rí i.

Ṣé a lè pe tiwa ní rélùwéè orí òkè bí irú èyí tí mo rí lórí YouTube ní Íńdíà?

Rárá o. Èyí tí ẹ rí yẹn á jẹ́ ti Darjeeling. Ọdún 1881 ló dé òkè, irin rẹ̀ tóóró ju tiwa lọ, 610 mílímítà péré. Ó ń gun òkè tó ga ju 2,000 mítà lọ láìsí eyín lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀: ibì kan á yí po bí ìgbà tí èèyàn ń wé gèlè, á sì gba orí ara rẹ̀ kọjá, ibòmíràn á lọ síwájú, á tún fẹ̀yìn rìn gòkè, á tún lọ síwájú. UNESCO kà á mọ́ ogún àgbáyé lọ́dún 1999. Irú kejì ni èyí tó ní eyín, bíi ti òkè Snowdon ní Wales, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1896: irin eléyín wà láàárín ojú irin, kẹ̀kẹ́ eléyín lábẹ́ ẹ́ńjìnnì á máa bu ú jẹ gun òkè.

Ní Nàìjíríà, èyí tó sún mọ́ ọn jù ni rélùwéè kékeré láti Sááríà lọ sí ìhà Jọ́ọ̀sì, tí wọ́n ṣe nítorí tánńganran. Irin rẹ̀ kò ju 762 mílímítà lọ, wọ́n sì pa á tì lọ́dún 1957.

Tiwa kò gun òkè, àárín òkè ló ń gbà. Téèyàn bá ti kúrò ní Ìlọrin tó dojú kọ àríwá, ilẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ sódò, igbó ọ̀dàn, igi emi àti igi igbá á máa kọjá lójú fèrèsé, títí òkúta dúdú ńláńlá á fi yọrí lápá ọ̀tún àti òsì. Ìgbà náà lẹ ti dé Jẹ́bà, ẹ̀rọ yín á sì ti wà lọ́wọ́ fún fọ́tò.

Sọ fún wa nípa afárá Jẹ́bà.

Afárá méjì ni, kì í ṣe ọ̀kan. Erékùṣù Jẹ́bà ló wà láàárín omi. Afárá àkọ́kọ́ gbé ọkọ̀ láti etí gúúsù, lápá Kwárà, lọ sí erékùṣù. Ìkejì gbé e kúrò níbẹ̀ bọ́ sí etí àríwá. Ọdún 1916 ni wọ́n parí rẹ̀. Láàárín 1909 sí ìgbà náà, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń gbé wágùn sọdá, díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà téèyàn ń fi igbá kékeré gbọ́n omi inú àgbá. Nígbà tí afárá wà tán, mọ́tò náà ń gbà á. Bí ọkọ̀ ojú irin bá ń bọ̀, mọ́tò á dúró.

Ibẹ̀ kì í ṣe odò lásán. Lọ́dún 1857 ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Dayspring kọlu òkúta nítòsí Jẹ́bà, ó sì fọ́. Samuel Àjàyí Crowther wà lára àwọn tí wọ́n jọ rìnrìn àjò náà. Ọ̀kan lára àwọn òyìnbó tó wà níbẹ̀, John Glover, fẹsẹ̀ rìn láti Jẹ́bà wọ ilẹ̀ Yorùbá kọjá dé Èkó láti lọ wá ohun èlò. Glover yìí ni àwọn ará Èkó wá ń pè ní Gòlóbà nígbà tó di gómìnà wọn. Ọ̀nà tó fẹsẹ̀ rìn ní ọjọ́ pípẹ́ yẹn ni ọkọ̀ ojú irin wá ń parí láàárín ọ̀sán àti òru. Ọwọ̀n ìrántí Mungo Park àti Richard Lander, àwọn òyìnbó tó rin Odò Ọya láyé àtijọ́, náà wà ní Jẹ́bà. Ẹ lọ wò ó, ṣùgbọ́n ẹ gbé omi dání. Òòrùn ibẹ̀ kì í ṣeré.

Báwo ni inú ọkọ̀ ṣe rí nígbà náà?

Ìyá àgbà mi, tó ń ta iṣu láti Ọ̀fà lọ sí Èkó, ló máa ń sọ ọ́ fún wa. Thírd kíláàsì ni tirẹ̀, àga onípákó. Ó máa ń fi ẹfun fa ìlà mẹ́ta sára àpò rẹ̀, nítorí ní Ìddó, téṣàn Èkó, gbogbo àpò jọra. Ó ní òun kì í sùn láàárín Ìkìrun sí Òṣogbo, àmọ́ kò sọ ìdí rẹ̀ fún wa rí. Ní gbogbo téṣàn ni oúnjẹ ti ń wọlé láti ojú fèrèsé: ẹ̀kọ, àkàrà, ọsàn, ẹ̀yìn sì lẹ máa san owó. Tẹ́ ẹ bá ń ti Àríwá bọ̀, ẹ máa rí wàrà rà ní Ìlọrin. Fàkàfíkì fàkàfíkì títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ohun kan tó fi ọwọ́ ṣàlàyé fún mi, tí mi ò gbàgbé: ojú irin kan ṣoṣo ni, ọkọ̀ tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ ni wọ́n jọ ń lò ó. Nítorí náà dírẹ́bà ò gbọdọ̀ kúrò ní téṣàn kan láìgba àmì lọ́wọ́ téṣàn máásítà. Òrùka ńlá kan báyìí ni wọ́n fi máa ń gbé àmì náà, téṣàn máásítà á nà án sókè, dírẹ́bà á ki apá sínú rẹ̀ bí ọkọ̀ ṣe ń kọjá lọ. Àmì kan ṣoṣo ló máa ń jáde fún ọ̀nà tó wà láàárín téṣàn méjì. Bí kò bá sí lọ́wọ́ rẹ, dúró síbi tó o wà.

Kí ló pa Imoudu pọ̀ mọ́ Ìlọrin?

Orúkọ rẹ̀ ló wà lára ilé ẹ̀kọ́ ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní Ìlọrin. Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni Michael Imoudu, òun ló ṣáájú ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Ìjọba òyìnbó lé e kúrò ní Èkó lọ sí Auchi lọ́dún 1943. Ó padà dé lọ́dún 1945, ní oṣù kẹfà ọdún náà ni òṣìṣẹ́ ìjọba jákèjádò Nàìjíríà sì da iṣẹ́ sílẹ̀, torí ogun ti sọ ọjà di ọ̀wọ́n, owó oṣù ò sì kúrò lójú kan. Àwọn ará rélùwéè ló wà níwájú. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ yẹn ń wọ géètì wọlé lójoojúmọ́ láìmọ̀ pé ọmọ ojú irin ló ni orúkọ tó wà lókè.

Kí ló wá pa rélùwéè?

Kì í ṣe ohun kan. Owó epo rọ̀bì dé ní àwọn ọdún 1970, títì pọ̀, ọkọ̀ akẹ́rù ń gbé ẹrù láti ẹnu ọ̀nà àgbẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ọlọ́jà. Rélùwéè kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kọ́nà tí wọ́n fà nítorí ẹ́ńjìnnì olóoru ìgbà 1908, èyí tó ń fi oru omi gbígbóná ṣiṣẹ́, kò jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì sáré. Ohun tó bá bàjẹ́ kò rí arọ́pò. Ìjọba gbé ìṣàkóso rẹ̀ fún àwọn ará Íńdíà, ilé iṣẹ́ RITES, láti 1979 sí 1982, nǹkan sì rọjú díẹ̀. Nígbà tí wọ́n lọ, ó tún wọlẹ̀. Àwọn aláìnítìjú sì wà tí wọ́n ń tú irin kékeré tó di ojú irin mú, wọ́n ń tà á fún oníjàǹkárìwọ̀. Irin kan tí kò wọ̀n tó kìlò kan, òun ló lè dojú odidi ọkọ̀ dé.

Ṣé ó ti jíǹde báyìí àbí kò tíì jíǹde?

Ó ti jí bíi ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ó sì tún ń padà sùn.

Ní àwọn ọdún 1990 ìjọba gbé iṣẹ́ àtúnṣe fún ilé iṣẹ́ CCECC ti ilẹ̀ Ṣáínà. Lọ́dún 2006 wọ́n tún fọwọ́ sí àdéhùn tó ju bílíọ̀nù 8 dọ́là lọ pé kí wọ́n ṣe irin tuntun láti Èkó dé Kánò. Ìjọba tó tẹ̀lé e dá a dúró. Lọ́dún 2009 wọ́n padà sórí irin àtijọ́: CCECC gba Èkó sí Jẹ́bà láti tún ṣe, ilé iṣẹ́ mìíràn gba Jẹ́bà sí Kánò. Ní oṣù kejìlá ọdún 2012 ọkọ̀ èrò tún gbéra láti Èkó lọ sí Kánò. Àwọn tó wà létí ojú irin jáde wá wòran, àgbàlagbà ń juwọ́ bí ọmọdé.

Ṣùgbọ́n ẹ wo nǹkan tí wọ́n tún ṣe: wọ́n tún irin ṣe, wọn ò tún ọ̀nà fà. Kọ́nà 1908 ṣì ni kọ́nà 2012. Ìrìn àjò Kánò nígbà náà gbà ju ọjọ́ kan lọ, ẹni tó ní owó mọ́tò kò dúró dè é. Mi ò bẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ náà o. Tálákà tó ní ẹrù wọ̀ ọ́, inú rẹ̀ sì dùn. Lérò tèmi, ibi tó yẹ kí wọ́n tẹjú mọ́ ni ẹrù, nítorí iṣu àti sìmẹ́ǹtì kì í kánjú.

Standard gauge ńkọ́? Ìgbà wo ló máa dé Ìlọrin?

Standard gauge ni ojú irin tuntun tó fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ: 1,435 mílímítà láàárín irin méjèèjì. Ti Èkó sí Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò lọ́dún 2021, 157 kìlómítà ni. Ti Àbújá sí Kàdúná ti bẹ̀rẹ̀ láti 2016. Àárín méjèèjì, níbi tí àwa wà, ṣì wà nínú ìwé. Ẹni tó bá sọ ọjọ́ kan pàtó fún yín, ẹ bi í léèrè ibi tí owó rẹ̀ wà.

Ṣé ìjọba Kwárà kò lè ṣe tirẹ̀ ni?

Tẹ́lẹ̀, òfin kò gbà á. Ìjọba àpapọ̀ nìkan ló ni ọ̀rọ̀ rélùwéè. Ní oṣù kẹta ọdún 2023 ni àtúnṣe ìwé òfin ilẹ̀ wa gbà kí ìpínlẹ̀ náà máa lọ́wọ́ sí i. Nítorí náà òfin ti ṣílẹ̀kùn, owó ni kò tíì wọlé. Kó tó dìgbà náà, ìpínlẹ̀ lè háyà ọkọ̀ lórí irin tó wà nílẹ̀, bí Ọ̀ṣun ti ṣe rí nígbà ọdún, tí wọ́n fi ọkọ̀ ọ̀fẹ́ gbé èrò láti Èkó lọ sí Òṣogbo. Láti Òṣogbo sí Ọ̀fà kò jìnnà.

Ṣé arìnrìn-àjò afẹ́ lè sọ ọ́ dọ̀tun, bí wọ́n ti ń ṣe nílẹ̀ òkèèrè?

Ó lè ràn án lọ́wọ́. Ní Wales, rélùwéè kékeré kan tó gba ẹsẹ̀ òkè Snowdon kọjá, Welsh Highland, kógbá sílé kí ogun àgbáyé kejì tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì tú irin rẹ̀. Láti 1997 ni wọ́n ti ń tẹ́ ẹ padà díẹ̀díẹ̀, ọ̀pọ̀ lára àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò gba owó, ó sì parí lọ́dún 2011, nǹkan bí 40 kìlómítà. South Africa ni wọ́n ti lọ ra àwọn ẹ́ńjìnnì olóoru ńlá tó ń fà á gun òkè. Ẹ́ńjìnnì tí Áfíríkà ti pa tì ló ń pawó fún wọn lónìí.

Mo lè rí Ìlọrin sí Jẹ́bà bẹ́ẹ̀: ọjọ́ Sátidé, ọkọ̀ kan, ẹ kúrò láàárọ̀, ẹ rí afárá, ẹ jẹ ẹja Odò Ọya, ẹ padà lálẹ́. Ṣùgbọ́n arìnrìn-àjò afẹ́ nìkan kò lè gbọ́ bùkátà ojú irin gígùn. Ó dà bí ẹni tó ń fi ẹran dídín nìkan yó; iṣu gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀.

Ojú irin kan wà lẹ́yìnkùlé wa. Báwo ni mo ṣe lè mọ bó ti pẹ́ tó?

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí irin náà sùn lé. Lórí ọ̀nà wa àtijọ́, irin ni wọ́n máa ń lò níbi tí ẹlòmíràn ti ń lo pákó, nítorí ikán. Bó bá jẹ́ kọnkéré, iṣẹ́ òde òní ni. Lẹ́yìn náà ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wo ẹ̀gbẹ́ irin gan-an, ibi tó tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín orí àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn tó rọ ọ́ máa ń gbé orúkọ ilé iṣẹ́ wọn àti ọdún sára rẹ̀ nígbà tó ṣì gbóná, lẹ́tà tó yọrí sókè, ìpẹtà á sì ti bò ó. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì oníwáyà ha á, kí ẹ fi ẹfun pa á lórí, nọ́ńbà á jáde. Ọdún tí wọ́n rọ irin ni o, kì í ṣe ọdún tí wọ́n tẹ́ ẹ síbẹ̀. Wọ́n máa ń tú u láti ibì kan lọ sí ibòmíràn.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wo apá ọ̀tún, ẹ wo òsì, kí ẹnì kejì dúró máa ṣọ́nà fún yín. Ọkọ̀ ẹrù ṣì lè gba ibẹ̀ kọjá. Mo padà lọ sí ilé ìwé wa lọ́dún tó kọjá pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì àti ẹfun lápò. Igi máńgòrò wà níbẹ̀, agogo náà ṣì wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti gé e bọ́ sí àárín nọ́ńbà: 1 àti 9 nìkan ló kù.